Ìrẹsì Inú Ṣòkòtò Kàbírù

Ẹ gbé e wálẹ̀, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àpò yẹn wálẹ̀ kúrò lójú gbogbo ayé, kì í ṣe ẹran iléyá tí ẹ fẹ́ fi yangàn fún ará àdúgbò. Ẹ wo àǹkárá tí wọ́n fi rán an, ẹ wo bùbá ọrùn mi, òdòdó kan náà ló wà lára méjèèjì, àbí irọ́ ni mo pa? Èmi ni mo rán an. Télọ̀ ni mí ní Ayétòrò, ẹ béèrè Ìyá Kàbírù, wọn á mú yín délé. Èmi ni mo rán àpò, èmi ni mo da ìrẹsì sí i, èmi náà ni mo gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí pé kí ó wọ yàrá lọ kí ó so ó mọ́ra. Nítorí náà bí ọ̀daràn lẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí ọmọ dìde lórí bẹ́ǹṣì gbígbóná yẹn, èmi gan-an lẹ ń wá.

Ẹ ní kí ni? Ìrẹsì òkèèrè ni. Ó ṣeun, ojú yín ríran. Ìrẹsì òkèèrè ni, kò kún kóńgò, ìyókù èyí tó wà nílé kí ìjọba tó ti ibodè ni, ẹ sì bá a nínú ṣòkòtò ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ wá ń pariwo pé ọwọ́ yín tẹ onífàyàwọ́. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó bí àgbàlagbà. Onífàyàwọ́ wo ló ń fi abẹ́ gbé ìrẹsì? Bí ó bá ń kó o díẹ̀díẹ̀ báyìí láti Kútọnu títí dé Abẹ́òkúta, ìgbà wo ni yóò tó kún àpò kan? Irùngbọ̀n rẹ̀ á ti funfun kí wọ́n tó rí ti ọdún sè nílé rẹ̀. Bí iṣẹ́ fàyàwọ́ bá rí báyìí, àánú ló yẹ kí ẹ máa ṣe wọ́n, ẹ má wulẹ̀ mú wọn mọ́.

Mo rí ọkọ̀ ńlá tó ṣáájú wa, èyí tí wọ́n fi tápólì bò. Mi ò sọ pé ohunkóhun wà nínú rẹ̀ o. Ó lè jẹ́ pé Kùránì àti Bíbélì ni wọ́n kó sínú rẹ̀ fún àwọn ará Èkó. Mo kàn rí i pé igi tí ẹ fi dábùú ọ̀nà gbéra nílẹ̀ kí awakọ̀ náà tó tẹ fèrè, ẹ sì juwọ́ sí i bí ẹni tó rí àna rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn. Nígbà tó wá kan ọkọ̀ Olúgbénga awakọ̀ wa, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn de ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, ẹ ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, ẹ wo ọmọ mi bó ṣe ń la ẹsẹ̀ rìn, ẹ ní, ìwọ yẹn, máa bọ̀ níbí.

Ẹ bi í pé kí ló gbé síbẹ̀, kò fèsì. Ẹ ní agídí ni. Kì í ṣe agídí, ọ̀gá, ojú ló ń tì í. Ẹ wo àwọn tó dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo màmá tó gbé adìẹ méjì lọ́wọ́ yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ojúlé kan náà ni òun àti ìyá Toyibat ń gbé, Toyibat tí ọmọ mi fẹ́ fi ṣaya. Láti ìgbà tí a ti wọkọ̀ ni mo ti ń fi irọ́ bò ó, mo ní Kàbírù ń lọ gba ìwé kan bọ̀. Ẹ wá fẹ́ kí ó dáhùn níbí, lójú títì, níwájú adìẹ?

Ó dáa. Ẹ ní bí kò bá sọ ọ́, ẹ ó mú un lọ sí bárékè yín. Màá sọ ọ́. Kàbírù, má wò mí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìtìjú. Kóró ẹpọ̀n ọmọ mi ló ń dùn ún. Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ mi ọkùnrin, kóró ẹpọ̀n rẹ̀ apá òsì ló ń dùn ún, ó ti lé lọ́dún méjì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á, òtútù inú ìrẹsì tí ẹ gbé sókè yẹn ni a sì fi ń pẹ̀tù sí i. Ẹ̀yin ti gbọ́, màmá aládìẹ ti gbọ́, ẹni tó ń se àgbàdo lábẹ́ igi yẹn ti gbọ́. Bó bá ku ẹni tí kò gbọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, ẹni tí ò bá ní i kọ́ ni í sunkún rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, mo rí eyín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ o, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ná àgbàdo lẹ́ẹ̀kan, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó wà ní ọdún kejì rẹ̀ ní Pólì Ìlaròó nígbà náà. Ó wálé lópin ọ̀sẹ̀, mo gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́ lóòró bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Mo ní, Kàbírù, ìjókòó ń bẹ. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èmi náà ra róòbù, mo pò ó mọ́ òrí, mo ní kó dọ̀bálẹ̀, mo fi ń ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tó bá ti wálé, ẹ̀yìn. Kí ó tó padà, ẹ̀yìn. Ọ̀gá, ẹ̀yìn tí kò ṣe nǹkan kan, mo fi róòbù pa á títí ó fi ń dán bíi mọ́tò tuntun. Ó ń sọ pé, Màmá, ẹ ṣé, ó ti ń fúyẹ́. Ọmọ náà ń fi irọ́ tọ́jú mi.

Nígbà ọyẹ́, mo jí fún ìrun àárọ̀, mo bá a ní kọ́rídọ̀, ó dakùn délẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásán, ọyẹ́ tí ń gé ètè ènìyàn. Mo rò pé ó kú ni. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó ní, Màmá, ẹ má pariwo, sìmẹ́ńtì yìí ló tutù. Ibo ló fẹ́ kí ó tutù? Kò lè sọ. Ó yí ojú sí ògiri kí ó tó sọ ọ́. Ó ní ó dà bí ìgbà tí eyín bá ń ro ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ló wà, ó ń tibẹ̀ fà á lọ sí itan, ó ń fà á lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, bó bá jókòó ó le sí i, bó bá gun ọ̀kadà ó di ọ̀ràn. Mo ní kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ó ní, Màmá, báwo ni èèyàn ṣe ń sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀? Òótọ́ ni. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lónìí.

A lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan láàrin ìlú. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kò gbójú sókè. Ó ní, obìnrin mélòó? Kò ní, ẹ pẹ̀lẹ́, kò ní, ibo ló ń dùn ọ́. Obìnrin mélòó? Kàbírù ní kò sí. Ọkùnrin náà ní gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, ó kọ àtọ̀sí. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, ìtọ̀ ní kò sí àtọ̀sí. Wọ́n ní ó sá pamọ́ ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. A padà lọ, wọ́n tún yẹ ìtọ̀ wò, kò sí, wọ́n tún gún un. Ọ̀gá, àtọ̀sí tó mọ bí a ṣe ń sá fún ẹ̀rọ àyẹ̀wò, bó bá jẹ́ òun ló ń ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì lójú ọ̀nà yìí, ẹ kò ní í mú un láéláé.

A kúrò níbẹ̀, a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú. Wọ́n fi nǹkan yíyọ̀ pa á lára, wọ́n wo inú ẹ̀rọ, wọ́n ní, kò sí nǹkan kan, ẹ lọ dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ láti ibẹ̀ títí mo fi délé. A délé, a bá ìrora náà tó ti ṣáájú wa dé, ó ti jókòó dè é lórí ẹní. Kò sí nǹkan kan, kò sì jẹ́ kó sùn. Kò sí nǹkan kan, kò jẹ́ kó lè jókòó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ títí ó fi fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bí ohun tí kò sí bá ń ṣe báyìí, kí ni èyí tó wà yóò ṣe?

Ọ̀rọ̀ wá délé, ó di ti ẹbí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ní ilẹ̀ wa yìí, bí nǹkan bá ti ṣe ènìyàn láti ìbàdí sísàlẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni, bó bá ṣe é láti ìbàdí sókè, ibà ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n gba ṣúgà lẹ́nu ọmọ mi, wọ́n gba ẹ̀pà, wọ́n gba mílíìkì, wọ́n gba ògì tútù, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba itọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbé àgbo fún un, àgbo tó korò tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀ ẹ ó jẹ́wọ́ ohun tí ẹ kò ṣe. Àgbo náà sì ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kí n pa irọ́ mọ́ ọn, gbogbo ìgbà ló ń lé e lọ sí ṣáláńgá. Ọmọ tí kò lè jókòó, wọ́n wá fún un ní ohun tí yóò máa lé e lọ jókòó.

Ẹlòmíràn ní ìpá ni, ó ń bọ̀ wá wú. A dúró dè é kí ó wú, kò wú. Wọ́n ní ṣòkòtò tó fún ni, mo tú gbogbo ṣòkòtò rẹ̀, mo rán wọn ní ńlá ńlá, ó ń rìn káàkiri bí àsíá. Àfáà wa ṣe àdúrà, àdúrà náà dáa, mo ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n bi í pé ta ló bá jà, ọmọ náà sì ronú títí, ó ní òun bá akẹgbẹ́ òun kan jà lórí bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn wà ní pámárì. Bàbá rẹ̀ ní ká fún un níyàwó, pé nǹkan náà á lọ. Bíi pé Panadó ni ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo wọn ló mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀gá. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ní orúkọ tó fún un, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi ọmọ mi pé, báwo ló ṣe ń dùn ọ́.

Àfi Mẹ̀dínátù. Nọ́ọ̀sì ni, ó wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó rí Kàbírù tó fara ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ìjókòó fún un, Kàbírù ní òun ò fẹ́. Ẹlòmíràn ìbá ní ó ń ṣe fújà. Mẹ̀dínátù ní, ó dáa, dúró bó ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn, èmi náà á dúró. Ó dìde, ó dúró tì í, ó ń bi í léèrè, ó ń gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀gá, ẹkún ni mo sun sórí máṣíìnì. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe pọ̀, wọn kì í sọ ọ́ ni. Ó ní nígbà mìíràn wọ́n á wá ohun tó fà á títí wọn kò ní rí i, ṣùgbọ́n àìrí i kò sọ ọ́ di irọ́, ọ̀nà sì wà láti mú un rọlẹ̀. Ó ní dókítà kan ń bẹ tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ àti ọ̀nà ìtọ̀, láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń jókòó ní Abẹ́òkúta. Ó ní kí a tó rí i, kí Kàbírù máa wọ pátá tó gbé nǹkan ró dáadáa, kí ó sì máa fi òtútù sí i.

Òtútù. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní a ń ṣe fàyàwọ́. Mo kọ́kọ́ ra yìnyín. Yìnyín yọ́, ó rin ṣòkòtò rẹ̀ gbindin, ó kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní àgbà ọkùnrin tọ̀ sára. Mẹ̀dínátù ní kí n da ìrẹsì sínú aṣọ, kí n gbé e sínú ohun tó ń mú nǹkan dì, pé ìrẹsì máa ń gba òtútù dúró, kì í yọ́. Iná kò sí, ẹ mọ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ni mò ń gbé e sí, òun ní jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń rùn bí ẹja títùs, ẹ má yínmú sí i mọ́. Ó ń tutù, ó ń pẹ́, ọmọ mi jókòó jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà yẹn. Ó jókòó, ó jẹ ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ sí i. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fẹ imú mi.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò lo ìrẹsì ilẹ̀ wa. Háà, ọ̀gá, ẹ ò fẹ́ kí n dákẹ́ ni? Ìrẹsì ilẹ̀ wa ni mo kọ́kọ́ lò. Ọ̀fàdà gidi. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ká máa jẹ ti wa, mo ní bí a bá ń jẹ ti wa, ẹ jẹ́ ká fi ti wa wo àìsàn náà. Mo ṣa òkúta inú rẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, èyí tó kù ṣì lọ gún un níbi tí kò yẹ kí òkúta gún ọmọ ènìyàn. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló fà á. Mo ní, Kàbírù, fara dà á nítorí Nàìjíríà. Ó ní, Màmá, ẹ lọ so ó mọ́ Nàìjíríà. Ìgbà náà ni mo lọ gbọn ìsàlẹ̀ àpò ìrẹsì tó kù sílé.

Ní báyìí, ẹ mọ̀ ọ́n tán. Oṣù tó kọjá la ti yẹ kí a rí dókítà náà, ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí àwọn ìlú ẹnu ibodè mọ́, gbogbo ayé wá ya bo ìwọ̀nba epo tó wà lọ́dọ̀ wa, Olúgbénga tò títí, epo tán kí ó tó kàn án. Ọmọ mi ní kò burú, ó ku oṣù kan. Ẹ mọ ohun tí oṣù kan jẹ́ fún ẹni tí kò lè jókòó? Òní ló tún pé. Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, dókítà náà á wọ mọ́tò rẹ̀, ó di oṣù mìíràn. Ẹ wo oòrùn. Ẹ sọ fún mi ibi tó wà.

Ẹ fẹ́ kí ó ṣe kí ni? Kí ó bọ́ ṣòkòtò kí ẹ fi ojú ara yín rí i? Ọ̀gá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ènìyàn wò ó, kò rí nǹkan kan, tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ yín yẹn ló fẹ́ rí i? Kò wú, kò pọ́n, kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó bà wá nínú jẹ́ jù nìyẹn. Ìbá ṣe pé ó wú tó ọsàn ni, gbogbo ènìyàn ìbá ti bá a kẹ́dùn, ẹ̀yin náà ìbá ti bu omi fún un. Ọmọ mi ò ní nǹkan tó lè fi hàn yín, ìrora nìkan ló ní. Mi ò tilẹ̀ ní kí dókítà náà mọ orúkọ rẹ̀ dandan. Bó bá lè wo ojú ọmọ mi kí ó ní, mo gbà pé ó ń dùn ọ́, wàláì, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa bi í pé obìnrin mélòó. Ó bi mí ní ìjẹta pé, Màmá, ṣé kì í ṣe pé mò ń rò ó ni? Ọmọ tí mo bí. Ó ti ń gbà pé òun ló ń parọ́.

Ibo la ń lọ? Ibí náà dáa, ẹ sọ ọ́ níbí. Kí ló dé tí ẹ ń lé àwọn ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ alágbàdo? Ó dáa, mò ń bọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni ẹ fẹ́ sọ, ọ̀gá, mi ò ní nǹkan lọ́wọ́ tí mo lè fún yín, mo ti sọ fún yín.

Kí lẹ wí? Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀.

Apá wo? Apá òsì, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fà á lọ sí itan. Bó bá pẹ́ nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń le. Rárá, kì í ṣe bí ìgbà tí nǹkan bá gún ènìyàn, ó ń ro ni, ó ń ro wọ́ọ́wọ́ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà mìíràn ó lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó rò pé ó ti lọ, ó tún... bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni. Báwo lẹ ṣe...

Ọ̀gá.

Àbúrò yín ni. Ó dáa. Mo gbọ́, àbúrò yín ló ń ṣe. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe yín ni mo fi rẹ́rìn-ín, ara mi ni, pé mo ti dúró sínú oòrùn láti ìgbà yìí tí mò ń ṣàlàyé obì fún olóko obì. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ó ti pẹ́? Ẹ wò ó, ó ju tiwa lọ. Wọ́n gún òun náà. Wọ́n bi í pé obìnrin mélòó, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í. Ìyàwó ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀. Háà. Àbúrò yín ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, nítorí irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Àbúrò yín ni kí ẹ bá mi kí pẹ̀lẹ́, mo ní.

Ẹ sọ fún un pé kí ó má gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí mọ́ bí àyẹ̀wò bá ti ní kò sí. Kí ó má mu àgbo tí yóò máa lé e káàkiri. Bó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ó dé lójijì, tó le gan-an, tó wú, tó ń bì, kí ó má fi ọjọ́ náà ṣeré, kí ó sáré lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, Mẹ̀dínátù ní ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ó lọ ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. Bí òun kò bá lè sọ ọ́, kí ó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, èmi á sọ ọ́ fún un, ẹ̀yin náà ti rí i lónìí pé mo lè sọ ọ́ níbikíbi.

Ṣé àbúrò yín wà nítòsí? Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀. Àyè ṣì wà nínú ọkọ̀, a lè há màmá aládìẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní lè kúrò lónìí. Ó dáa, nígbà tí oṣù mìíràn bá pé, kí ó dúró dè wá níbí, a ó jọ lọ. Ní tiwa, ẹ ní kí wọ́n gbé igi yẹn kúrò lọ́nà, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó wà léjìká yín yẹn sọ fún àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n má dá wa dúró. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò yẹn fún Kàbírù, ẹ bẹ̀ ẹ́ ní etígbọ̀ọ́ màmá aládìẹ, kí ó lè rí ohun gidi ròyìn délé. Màá rán irú rẹ̀ fún àbúrò yín, mi ò ní gba owó iṣẹ́, aṣọ kò wọ́n mi. Ìrẹsì ni kí òun wá fúnra rẹ̀, mo gbọ́ pé kò ṣọ̀wọ́n níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Olúgbénga, ṣáná sí ọkọ̀. Ọ̀gá, ẹ kí àbúrò yín. Ẹ ní kí ó rọra máa jókòó.